Kíkọ́ Ọ̀gbẹ̀rì ní Kànnàkànnà Láìsí Ewu: Àgbéyẹ̀wò

Kànnàkànnà jẹ́ okùn méjì tí àpò kékeré kan so pọ̀ láàárín. Orí okùn kìíní ní ojóbó tí ìka ń wọ̀; orí okùn kejì ní kókó tí àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ń dì mú. A ó fi òkò sínú àpò, a ó fì í, a ó sì jọ̀wọ́ kókó náà nígbà tó bá yẹ. Àpò á ṣí, òkò á fò lọ, ojóbó ni kò sì ní jẹ́ kí kànnàkànnà bá òkò lọ. Ó yàtọ̀ sí rọ́bà tí àwọn ọmọdé ń so mọ́ pàlàká igi, nítorí kò sí ohun tó ń fà tó tún ń sún kì nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń sọ apá ènìyàn di gígùn, bí apá bá sì ti gùn tó ni ìkángun rẹ̀ ń yára tó.

Ohun èlò yìí ti pẹ́ láyé. Kànnàkànnà tí wọ́n hun dáadáa wà lára ẹrù tí Howard Carter bá nínú ibojì Tutankhamun, ọba Íjíbítì, tí wọ́n rí ní 1922, bẹ́ẹ̀ ọba náà ti wàjà láti nǹkan bí 1323 ṣáájú ìbí Kristi. Ẹni tó bá ka Bíbélì mọ ti Dáfídì, tó ṣa òkúta márùn-ún tó ń dán nínú odò lọ bá Gòláyátì. Nínú oko ilẹ̀ Yorùbá, àwọn aṣọ́ko ń fi kànnàkànnà lé ẹyẹ kúrò lórí ọkà àti ìrẹsì. Àwọn darandaran orí òkè Andes ní Peru àti Bolivia ń fi irun llama àti alpaca hun tiwọn, wọ́n sì ń fi í darí agbo ẹran. Ṣùgbọ́n àwọn tí òkìkí wọn kàn jù láyé àtijọ́ ni ará Mallorca àti Menorca, ní erékùṣù Balearic tó wà lábẹ́ Sípéènì lónìí. Nígbà tí Metellus, ọ̀gágun Róòmù, lọ ṣẹ́gun wọn ní 123 ṣáájú ìbí Kristi, ńṣe ni ó ta awọ ẹran bo orí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ nítorí òkúta wọn.

Ní erékùṣù wọ̀nyẹn náà ni kànnàkànnà ti di eré ìdárayá tó ní ẹgbẹ́, òfin àti ìdíje. Àwọn ènìyàn ń kọ́ ọ níbòmíràn pẹ̀lú, ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ibi tí òkò rẹ̀ lè dé kò kéré: Larry Bray ju òkúta 52 gíráàmù dé 437.1 mítà ní Utah ní 1981, David Engvall sì ju ọfà kékeré 62 gíráàmù dé 477.1 mítà ní California ní 1992.

Ohun tó lágbára tó báyìí ni ọ̀gbẹ̀rì ń gbà lọ́wọ́ olùkọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí kò tíì mọ ibi tí òkò tirẹ̀ yóò gbà. Ìbéèrè tó wà níwájú gbogbo olùkọ́ ni bí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe mọ̀ ọ́n láìṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe. Èrò àwọn olùkọ́ kò ṣọ̀kan lórí irú òkò, lórí bí a ṣe ń fì í, àti lórí ìgbà tó yẹ kí àmì wọ inú ẹ̀kọ́. Bí a bá gbé gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ kan ló ń jáde léraléra: pápá tó ṣófo, òkò tó rọ̀ àti ìfì kan ṣoṣo tí kò yára, tí wọ́n ń dín ewu kù, àwọn kan náà ló ń jẹ́ kí ọ̀gbẹ̀rì tètè mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ewu ti ń wá

Nígbà tí okùn bá tú, òkò kì í tẹ̀ lé ọ̀nà ìyíká mọ́. Ó ń lọ tààrà síbi tó dojú kọ ní àkókò náà gan-an. Nítorí náà, ìgbà tí ìka jọ̀wọ́ kókó ló ń pinnu ibi tí òkò máa lọ, ojú tó ń wo àmì kò lè yí i padà. Kí a mú kànnàkànnà tó ń yí ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, yóò ti yí ní digírì 72. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ yóò rí i tí òkò tó fẹ́ sọ síwájú yà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ń yí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, àṣìṣe kan náà di digírì 144, òkò á sì gba ẹ̀yìn lọ. Ìdí nìyí tí kò fi sí ibì kan ní àyíká ọ̀gbẹ̀rì tí a lè pè ní ibi ààbò tí a bá wo ìhà nìkan. Iwájú léwu, ẹ̀gbẹ́ léwu, ẹ̀yìn léwu, òkè pàápàá léwu, nítorí òkò tó bá lọ sókè tààrà yóò padà wálẹ̀.

Agbára òkò náà yẹ ní mímọ̀. Òkò 50 gíráàmù tó ń sáré 30 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ní agbára kan náà pẹ̀lú òkúta kílò kan tó já láti ibi tó ga ju mítà méjì lọ. Bí ìyára rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Orí, ojú àti eyín ènìyàn kò lè gba irú rẹ̀.

Ewu mìíràn ń wá láti ara ohun èlò. Okùn tó ti gbó lè já nígbà tí ìfì le jù. Ojóbó lè yọ kúrò ní ìka. Àpò tó kéré jù lè jẹ́ kí òkò bọ́ kí ọwọ́ tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Òkò tó bá ògiri, àpáta tàbí igi líle sì lè ta padà sọ́dọ̀ ẹni tó jù ú.

Pápá àti ibi tí oníkálukú ń dúró sí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Bí ẹ̀kọ́ yóò bá bẹ̀rẹ̀ dáadáa, wíwá pápá ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Bí a kò bá ka ti afẹ́fẹ́, ohun tó bá kúrò lọ́wọ́ ní 30 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lè dé nǹkan bí 92 mítà kó tó balẹ̀, lẹ́yìn náà á tún fò, á sì yí lọ. Pápá tí kò ju ibi ìgbá bọ́ọ̀lù ọmọdé lọ kò tó. Ibi tó dára ni gbangba ńlá tí kò sí ọ̀nà, ilé, mọ́tò tàbí ẹran ọ̀sìn ní ìhà kankan rẹ̀, tí ojú sì lè rí gbogbo ìkángun rẹ̀. Ẹsẹ̀ òkè tó rọra ga, tí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀, dára jù fún iwájú, nítorí yóò gba òkò dúró. Bí kò bá sí òkè, àwọ̀n tí a ta tó sì dẹ̀ díẹ̀ lè gba bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀. Ògiri kò yẹ níbẹ̀. Igbó tí ojú kò lè ríran wọ̀ náà kò yẹ, ẹnikẹ́ni lè wà nínú rẹ̀.

Lórí pápá náà, ìlà kan ni a ó fà tí ẹni tó ń ju òkò yóò dúró sí. Ẹnìkan ṣoṣo ni kó máa jù lẹ́ẹ̀kan. Àwọn olùkọ́ kan máa ń to akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí àkókò má baà ṣòfò. Fún àwọn tó ti mọ ìgbà tí okùn ń tú, èyí ṣeé ṣe bí àyè tó wà láàárín wọn bá pọ̀. Fún ọ̀gbẹ̀rì, kò bọ́gbọ́n mu, nítorí ìṣirò digírì tó wà lókè fi hàn pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló wà lójú ọ̀nà òkò tó pẹ́ tú. Àwọn tó ń dúró de ipò wọn àti àwọn òǹwòran yóò jókòó jìnnà sẹ́yìn, lẹ́yìn ohun tó lè gba òkò: igi ńlá, mọ́tò tó dúró, àwọ̀n tó nípọn. Bí kò bá sí irú rẹ̀, kí wọ́n jìnnà tó ibi tí òkò rírọ̀ kò lè dé.

Olùkọ́ ló ṣòro jù láti wá ibi ìdúró fún, nítorí ó gbọ́dọ̀ rí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tí kò mú kànnàkànnà ni kó dúró sí, kó jìnnà kọjá ibi tí apá àti okùn lè dé, kó dé akoto, kó sì wọ gíláàsì ààbò. Akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú yóò wọ gíláàsì, nítorí okùn oníkókó máa ń fò padà, ó sì lè na ojú.

Kànnàkànnà tó yẹ ọ̀gbẹ̀rì

Kànnàkànnà gígùn ń mú òkò lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ó le láti darí. Àwọn ará Balearic àtijọ́ máa ń ní mẹ́ta, èyí tó gùn fún ọ̀nà jíjìn, èyí tó kúrú fún ìtòsí, àti ti àárín. Ti ìtòsí ló yẹ ọ̀gbẹ̀rì. Bí a bá ká a sí méjì, 60 sí 70 sẹ̀ǹtímítà tó fún àgbàlagbà, ti ọmọdé á kúrú sí i. Ọ̀nà tó rọrùn láti wọ̀n ọ́n ni kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró ṣánṣán, kó jẹ́ kí apá rẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú kànnàkànnà lọ́wọ́: àpò kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀.

Okùn òwú tàbí ọ̀gbọ̀ dára, nítorí kì í fà. Okùn tó ń fà máa ń yí ìgbà ìtúsílẹ̀ padà, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní mọ ohun tó ṣe é. Kí àpò fẹ̀ tó láti gba bọ́ọ̀lù tẹníìsì láìjẹ́ pé ó ń yọ̀. Ojóbó yóò wọ ìka àárín dáadáa láìfún un pa. Bí a bá di okùn méjèèjì mú, wọ́n gbọ́dọ̀ gùn bákan náà títí dé kókó. Kí ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ yóò fa okùn wò, yóò sì yẹ ibi tí okùn ti wọ àpò wò, torí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbó.

Ọ̀rọ̀ òkò

Ibí ni àríyànjiyàn pọ̀ sí. Àwọn kan gbà pé òkúta ni kànnàkànnà mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé, pé ẹni tó bá fi ohun rírọ̀ kọ́ ọ kò ní bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn mìíràn ní òkúta kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ ọ̀gbẹ̀rì rárá. Ọ̀rọ̀ àwọn kejì yìí ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù, kì í sì í ṣe nítorí ewu nìkan. Òkúta tí a ṣà nílẹ̀ kò dọ́gba ní ìwúwo, wọn kò sì rí bákan náà. Bí èyí bá yà sí òsì tí òmíràn yà sí ọ̀tún, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ̀ bóyá ọwọ́ òun ló ṣì í tàbí òkúta. Àwọn àtijọ́ mọ èyí. Xenophon, tó bá àwọn ọmọ ogun Gíríìkì rìn ní Páṣíà ní 401 ṣáájú ìbí Kristi, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọta òjé tí àwọn ará Rhodes ń lò lọ jìnnà ju òkúta ńlá àwọn ará Páṣíà lọ. Ọta tí a rọ nínú ohun ìrọ kan náà máa ń dọ́gba. Òjé kò yẹ fún eré òde òní, ó wúwo jù, májèlé sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀, pé kí òkò bára dọ́gba, ṣì dúró.

Bọ́ọ̀lù tẹníìsì ló bá ìbẹ̀rẹ̀ mu jù. Gbogbo rẹ̀ wúwo láàárín 56 àti 59.4 gíráàmù, ó tóbi dé ibi tí afẹ́fẹ́ fi ń dá a dúró, ojú sì ń rí i nínú koríko. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń fò, ó sì ń yí lọ jìnnà. Níbi tí pápá bá kéré, àpò aṣọ kékeré tí a kó ìrẹsì tàbí iyanrìn díẹ̀ sí sàn jù, torí ibi tó bá balẹ̀ sí ló ń dúró. Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kò yẹ: ó kéré, ó le, ó sì ń ta padà fíofío. Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti dájú, a lè fi amọ̀ mọ òkò róbótó kí a sá a gbẹ. Èyí á fọ́ túútúú bó bá kan ohun líle, kò sì ní ta padà bí òkúta. Òkúta ló kẹ́yìn, níbi tí iwájú bá jẹ́ ilẹ̀ rírọ̀ tàbí omi tí kò sí ènìyàn lórí rẹ̀.

Ìfì mélòó, láti ibo?

Ọ̀gbẹ̀rì máa ń rò pé bí òun bá fì í lọ́pọ̀ ìgbà ni òkò yóò lágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára ń wá láti inú ìdà ara àti apá nínú ìyíká tó kẹ́yìn. Àwọn ìyíká tó ṣáájú kàn ń da ojú rú, wọ́n sì ń fún òkò láyè láti bọ́. Vegetius, ará Róòmù tó kọ̀wé lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun, ti sọ ọ́ pé kí àwọn ọmọ ogun mọ́ kànnàkànnà lára ní fífì yí orí ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí òkúta tó lọ. Lórí kókó yìí, ìmọ̀ àtijọ́ àti ti òde òní bára mu.

Lórí ìhà tí a ti ń fì í, ohun tó yẹ kí olùkọ́ béèrè ni ibi tí àṣìṣe yóò gbé òkò lọ. Bí a bá fì í ní ìbú lókè orí, àṣìṣe á gbé e sí òsì tàbí ọ̀tún. Fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún tí òkò rẹ̀ ń ti ẹ̀yìn gba ọ̀tún bọ́ síwájú, èyí tó yà sí òsì pẹ́ tú, èyí tó yà sí ọ̀tún yá tú. Bí a bá fì í ní òró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, àṣìṣe kì í sábà yà sí ẹ̀gbẹ́. Nínú ìfì òró tó ń gba òkè bọ́ síwájú, òkò tó pẹ́ tú á wọlẹ̀ níwájú, èyí tó yá tú á lọ sókè. Nínú èyí tó ń gba ìsàlẹ̀ bọ́ síwájú, ìdàkejì ni: èyí tó yá á nalẹ̀, èyí tó pẹ́ á lọ sókè tàbí kó gba orí padà sẹ́yìn. Ìfì òró ló yẹ ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ó dín ewu ẹ̀gbẹ́ kù. Èyí tó ń gba ìsàlẹ̀ rọrùn jù, a sì lè rọra ṣe é láìyí i ká tán.

Bí ẹ̀kọ́ ṣe ń tẹ̀ léra

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ láìsí òkò. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ bí ojóbó ṣe ń wọ ìka, bí kókó ṣe ń dúró lábẹ́ àtàǹpàkò, àti bí ẹsẹ̀ ṣe ń dúró: ẹsẹ̀ òsì síwájú fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún, èjìká òsì kó kọjú sí ibi tí òkò ń lọ. Yóò fi ọwọ́ lásán ju bọ́ọ̀lù, kí ara rẹ̀ lè rántí ìgbà tí ìka ń ṣí.

Lẹ́yìn èyí, a ó fi bọ́ọ̀lù sínú àpò, yóò sì máa mì í síwájú sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan bí ìgbà tí ọmọdé wà lórí jángílọ́fà, láìjọ̀wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìwúwo náà lọ́wọ́, kó mọ ìgbà tí okùn le àti ìgbà tó dẹ̀. Nígbà tó bá ti mọ̀ ọ́n, yóò jọ̀wọ́ kókó bí bọ́ọ̀lù ti ń bọ́ síwájú. Bọ́ọ̀lù á lọ mítà mélòó kan péré, ṣùgbọ́n ohun tó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà ti wà nínú rẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, ó sì lè tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà láìrẹ̀ ẹ́. Ìpele yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń kánjú fò, òun gan-an ló sì yẹ kí wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

Ìyíká kan tẹ̀ lé e, láìyára. Olùkọ́ kò ní béèrè jíjìnnà. Ohun tí yóò máa wò ni bóyá òkò mẹ́wàá ń gba ọ̀nà kan náà. Níbi tí wọn kò bá gba ọ̀nà kan náà, a ó dín ìyára kù. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ: ẹni tó bá ń fi gbogbo agbára jù ú nígbà tí kò tíì mọ ìtúsílẹ̀ ń fi kún àṣìṣe rẹ̀ ni.

Àmì ló kẹ́yìn. Ìdíje ní erékùṣù Balearic ń lo pátákó onígun mẹ́rin tí ìhà rẹ̀ jẹ́ 120 sẹ̀ǹtímítà, tí òbìrí tó fẹ̀ tó 50 sẹ̀ǹtímítà sì wà láàárín rẹ̀. Fún ọ̀gbẹ̀rì, aṣọ ńlá tí a so kọ́ sórí okùn sàn ju pátákó lọ, nítorí bọ́ọ̀lù kì í ta padà lára rẹ̀. Ìgò àti gíláàsì kò gbọdọ̀ jẹ́ àmì láéláé. Ìtòsí ni kí àmì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́ sọ pé àwọn ìyá ní Balearic kì í fún ọmọ ní búrẹ́dì àfi tó bá fi kànnàkànnà bà á. Kò sí olùkọ́ òde òní tí yóò febi pa ọmọ, ṣùgbọ́n àmì kékeré tó wà nítòsí, tí a ń tún jù lójoojúmọ́, jẹ́ ẹ̀kọ́ tó pé. Ti Vegetius, tó ní kí tafàtafà àti oníkànnàkànnà máa ju ìdì koríko tó wà ní 600 ẹsẹ̀ bàtà, ọmọ ogun ló wà fún.

Àṣẹ, ara àti ọjọ́ orí

Àṣẹ lórí pápá gbọ́dọ̀ kéré níye, kó sì yé gbogbo ènìyàn kí òkò àkọ́kọ́ tó lọ. Ẹnikẹ́ni kì í fi òkò sínú àpò títí olùkọ́ yóò fi sọ pé ó yá. Ẹnikẹ́ni kì í lọ ṣa òkò títí gbogbo kànnàkànnà yóò fi wà nílẹ̀. “Ẹ dúró!” ni ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè ké, ọmọdé tàbí àgbà, akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òǹwòran, bí wọ́n bá ti ké e, a kì í tú òkò sílẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń fì í lọ́wọ́ yóò jẹ́ kí ìyíká rẹ̀ dẹ̀, kó sì jẹ́ kí àpò wálẹ̀ pẹ̀lú òkò nínú. Ọ̀nà ìdádúró yìí pẹ̀lú ní láti jẹ́ ohun tí wọ́n kọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Nítorí náà, ọjọ́ orí kọ́ ni òṣùwọ̀n. Ọmọ tó bá gbọ́ “Ẹ dúró!” tó sì dúró lójú ẹsẹ̀ ti tó kọ́ ọ, pẹ̀lú òkò rírọ̀ àti àgbàlagbà kan fún òun nìkan. Àgbàlagbà tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò tíì tó. Olùkọ́ yóò gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí ọmọ, yóò sì mọ ohun tí òfin ìlú náà sọ nípa kànnàkànnà àti nípa ibi tí a ti lè jù ú.

Àwọn ọlọ́wọ́ òsì ń fẹ́ àmójútó. Ìwé Àwọn Onídájọ́ sọ nípa 700 ọkùnrin Bẹ́ńjámínì, ọlọ́wọ́ òsì gbogbo wọn, tí wọ́n lè fi kànnàkànnà sọ òkúta ba fọ́nrán irun láìtàsé. Kò sí ìdí láti fi ipá yí ẹnikẹ́ni sí ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ìhà tí àṣìṣe wọn ń gbà ni ìdàkejì, ibi ìdúró olùkọ́ gbọ́dọ̀ yí padà pẹ̀lú.

Èjìká àti ìgúnpá ni ara tí kànnàkànnà ń dà láàmú jù. Kí a na apá, kí a yí èjìká, kí a rọra bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èjìká bá ti rẹ ènìyàn, ìtúsílẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́, òkò á sì máa ṣáko. Ìyẹn ni àmì pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ti tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ṣì fẹ́ máa bá a lọ.

Ìgbà tí ọ̀gbẹ̀rì kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì mọ́

Àwọn kan ń fi jíjìnnà díwọ̀n akẹ́kọ̀ọ́, àwọn mìíràn ń fi iye ìgbà tó ba àmì. Méjèèjì ní àǹfààní, ṣùgbọ́n wọn kò sọ bóyá a lè fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí òkò rẹ̀ ń lọ síwájú nígbà gbogbo, kódà nígbà tó bá tàsé. Tó lè sọ, lẹ́yìn òkò tó ṣáko, bóyá ó yá tú tàbí ó pẹ́ tú. Tó lè dá ìfì dúró láàárín láìjẹ́ kí òkò bọ́. Tó ń yẹ okùn rẹ̀ wò láìjẹ́ pé a rán an létí. Tó sì ń wo iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn kó tó gbé ọwọ́ sókè. Títí yóò fi ṣe gbogbo èyí láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀, bọ́ọ̀lù rírọ̀, ìyíká kan àti ojú olùkọ́ ni ó ṣì yẹ ẹ́.